Ìmúrasílẹ̀ Ẹ̀rọ Dísẹ̀lì Tuntun de Ìgbà Òjò ní Lẹkki àti Ajah



Ọ̀rọ̀ tí a pè yín jọ fún ní ìrọ̀lẹ́ yìí lè ya àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ pé kí àlùfáà dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ilé wa, ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ẹ̀kọ́ wa àti ilé ìwòsàn wa ní agbègbè yìí, láti Jakande títí dé Ṣàngótẹ̀dó, ni wọ́n ń gbójú lé ẹ̀rọ amúnáwá nígbàkigbà tí iná bá lọ. Owó tí a sì fi ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Owó ìkórè ni, owó àjọ ni, owó tí ìyá arúgbó tú láti etí ìró rẹ̀ ni. Ohun tí a bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà, ó tọ́ kí a mọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe ti èmi tìkára mi. Ní ọdún 2017, ìjọ tí mo ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ nígbà náà ra ẹ̀rọ amúnáwá tuntun tí ń lo dísẹ̀lì. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni a rà á. A gbé e kalẹ̀ sórí iyanrìn lẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi tí ó rọrùn láti fa wáyà rẹ̀ wọlé, a sì dúpẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún náà ni òjò ńlá rọ̀, èyí tí ó sọ ọ̀pọ̀ òpópónà ní Lẹkki àti Victoria Island di odò. Ní òru, omi dé itan ènìyàn nínú àgbàlá wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti fà títí ó fi ku ìwọ̀n ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin nu ara ẹ̀rọ náà gbẹ, ojú rẹ̀ sì mọ́ bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Wọ́n bi mí pé, “Bàbá, ṣé kí a ṣí i?” Àkókò ìsìn ti tó, ara mi kò balẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣí i. Ariwo kan ṣoṣo ni a gbọ́, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá fi ọmọ owú lu irin, lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, a rí i pé omi wà nínú rẹ̀, àti pé ọ̀pá irin inú rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ẹ̀rọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe òjò ni ó bà á jẹ́. Èmi tí mo ní kí wọ́n ṣí i ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá. Mo rí i pé orí kan gbogbo nínú ìwé náà ni a fi sọ bí a ti í múra ẹ̀rọ sílẹ̀ de ìgbà òtútù, nígbà tí ọ̀rọ̀ omi kò ju ìlàjì ojú ìwé kan lọ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo ní kí ni ó kan ará Ajah nínú yìnyín? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà á lọ, mo rí i pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa, bí a bá lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kàn wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí: òtútù ni ọ̀tá ẹ̀rọ lọ́dọ̀ tiwọn, omi ni ọ̀tá rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí ọ̀tá kò sì tíì dé ni a í múra dè é.

BÍ Ẹ̀RỌ DÍSẸ̀LÌ TI Ń ṢIṢẸ́

Orúkọ ènìyàn ni Dísẹ̀lì í ṣe. Rudolf Diesel ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Paris ni a gbé bí i ní ọdún 1858. Ní ìlú Augsburg ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti yege nínú ìdánwò ní ọdún 1897. Nígbà àfihàn ńlá tí a ṣe ní Paris ní ọdún 1900, a fi ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ náà hàn tí ó ń fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́, irú ẹ̀pà tí àwa náà ń gbìn ní ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀rọ tí ń lo pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣá iná sí epo. Ti dísẹ̀lì kò ní in. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń kọ́kọ́ fà sínú, a sì fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí tí yóò fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí méjìdínlógún ti ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni afẹ́fẹ́ yìí ń gbóná, ó sì ń kọjá 500 dígírì. Nígbà náà ni ẹnu tóóró kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́súlù, yóò fọ́n dísẹ̀lì sínú ooru náà bí ìkùukùu, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Nínú èyí ni a ti lè mọ ohun méjì. Èkíní, bí ooru kò bá tó, epo kò ní gbiná, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ dísẹ̀lì fi ń ṣe agídí nínú òtútù. Èkejì, a lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fún omi pọ̀. Bí omi bá wà níbi tí afẹ́fẹ́ yẹ kí ó wà, irin ni yóò tẹ̀ tàbí tí yóò ṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ ìjọ wa nìyí.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ ILẸ̀ ÒTÚTÙ Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Kánádà tí ó ra katakata tuntun. Ó mọ̀ pé kí ọdún tó parí, omi yóò dì bí òkúta lóko òun. Nítorí náà ó ń ṣe ohun márùn-ún kí òtútù tó dé.

Ó ń pààrọ̀ dísẹ̀lì rẹ̀, nítorí pé ohun kan bí ìda àbẹ́là wà nínú dísẹ̀lì, tí í máa dì nínú òtútù tí í sì dí ọ̀nà epo. Ti ìgbà òtútù ni a ṣe ní ọ̀nà tí kò fi ní tètè dì. Ó ń yí ọ́ìlì ẹ̀rọ padà sí èyí tí ó fẹ́lẹ́. Ó ń da oògùn omi dídì sínú radiétọ̀, nítorí pé bí omi bá dì, ó ń fẹ̀ sí i tó bí ìdá kan nínú mọ́kànlá, ó sì lè la irin. Ó ń tọ́jú bátìrì rẹ̀, nítorí pé òtútù ń sọ agbára bátìrì di aláìlera. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ó ń rọ epo kún táńkì, kí ó má bàa sí àyè fún afẹ́fẹ́ tútù láti di omi lára irin nínú rẹ̀.

Kí ni nínú ìwọ̀nyí tí ó kàn wá? Dísẹ̀lì ti ìgbà òtútù kò kàn wá rárá, nítorí pé kò sí òtútù tí ó lè mú kí dísẹ̀lì dì ní Èkó. Ní ti ọ́ìlì, ẹ wo ara agolo rẹ̀, ẹ ó rí àmì bí 15W-40. Lẹ́tà W náà dúró fún ìgbà òtútù. Nọ́mbà tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ti ń ṣàn nínú òtútù, èyí tí ó tẹ̀lé e sì ń sọ bí ó ti ki tó nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná. Èyí tí ó tẹ̀lé yìí ni ó yẹ kí àwa máa wò jù, kí a sì ra èyí tí ìwé ẹ̀rọ bá pàṣẹ.

Ṣùgbọ́n oògùn inú radiétọ̀ kàn wá, bí ọ̀pọ̀ nínú wa tilẹ̀ rò pé ti àwọn òyìnbó ni. Yàtọ̀ sí pé kò jẹ́ kí omi dì, kì í jẹ́ kí omi tètè hó, kì í sì í jẹ́ kí irin inú ẹ̀rọ dípẹtà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Badore, Láńgbàsà àti Ajah, ẹ mọ irú omi tí ń jáde láti inú kànga wa. Òmíràn pupa bí omi agbo, irin sì kún inú rẹ̀. Òmíràn ní iyọ̀. Irú omi yìí ni a ń bù sínú radiétọ̀ ẹ̀rọ tuntun, tí a sì ń bínú nígbà tí ó bá jò. Ẹ lo oògùn náà, ẹ sì fi omi tí a ti sẹ́ dáadáa pò ó gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀.

Bátìrì pẹ̀lú kàn wá, nítorí pé ooru tiwa ń ké ẹ̀mí bátìrì kúrú ju bí òtútù tiwọn ti ń ṣe lọ. Ti epo rírọ kún táńkì ní ìrọ̀lẹ́ ni ó kàn wá jù lọ, gẹ́gẹ́ bí èmi yóò ti sọ.

ILẸ̀ TÍ A Ń GBÉ

Ilẹ̀ wa yìí, tí ó nà láti Lẹkki lọ síhà Ẹ̀pẹ́, dà bí ahọ́n iyanrìn láàárín omi méjì. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Ó rẹlẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà tí a fi iyanrìn dí. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ni a ó bá. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń pọ̀ jù ní oṣù kẹfà, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Afẹ́fẹ́ òkun pẹ̀lú ń gbé iyọ̀ wá lójoojúmọ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ irin bí a kò tilẹ̀ rí i. Nítorí náà, oṣù kejì ọdún ni ìgbà ìmúrasílẹ̀ tiwa, kí a sì tún un yẹ̀ wò nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní ni ibi tí a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí. Ẹ má ṣe gbé e sórí ilẹ̀ bí tiwa. Ẹ bi àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ pé, níbo ni omi dé rí? Ẹ wo àmì omi lára ògiri. Kí ẹ wá mọ pèpéle oníkọnkéré tí yóò ga ju àmì náà lọ dáadáa. Ẹ kọ́ ìbòrí sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ògiri yí i ká pátápátá, nítorí pé ó nílò afẹ́fẹ́ láti mí àti láti tutù. Kí ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ má ṣe dojú kọ òkè láìní ìdérí, kí òjò má bàa gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ.

Èkejì ni epo. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹkki, níhìn-ín lẹ́bàá wa, ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe dísẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bí epo tilẹ̀ mọ́ nígbà tí ó jáde níbi ìfọpo, inú ọkọ̀, inú àgbá àti inú kẹ́ẹ̀gì wa ni omi àti ìdọ̀tí ti ń bá a. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin inú táńkì tí kò kún pẹ̀lú ń di omi ní òru bí ilẹ̀ bá tutù. Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ: lítà omi kan wọ̀n tó kílò 1, lítà dísẹ̀lì kan kò ju bí kílò 0.85 lọ. Nítorí náà ìsàlẹ̀ ni omi ń jókòó sí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa epo. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí yóò máa gbé ibi tí omi àti epo gbé pàdé, wọn yóò sì di ìdọ̀tí dúdú tí ń yọ̀, tí yóò dí asẹ́. Dísẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí inú pọ́ǹpù àti nọ́súlù máa yọ̀. Bí omi bá gba ipò rẹ̀, irin yóò máa ha irin, àyè tí ó sì wà láàárín wọn kò tó irun orí.

Nítorí náà, ẹ bu díẹ̀ nínú epo tí ẹ rà sínú ìgò funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀. Ẹ máa rọ epo kún táńkì ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa tú ẹnu kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ asẹ́ epo, kí omi tí ó ti kó jọ síbẹ̀ lè dà jáde.

Ẹ̀kẹta ni asẹ́ afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ ni ó ń ṣáájú òjò, eruku ọyẹ́ sì ti kún inú asẹ́ náà. Bí ọ̀rinrin bá bá eruku yìí, ẹrẹ̀ ni yóò dà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ra asẹ́ méjì ti epo pamọ́, nítorí pé lọ́jọ́ tí omi bá dí ojú ọ̀nà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, ẹ kò ní rí ibi rà á.

Ẹ̀kẹrin ni iyọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù, ẹ máa fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tí kò ní iyọ̀ nu ara rẹ̀, kí ẹ tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má ṣe da omi sí apá ibi tí ń pèsè iná. Ẹ fi gírísì pa orí bátìrì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀karùn-ún kan ẹ̀rọ tuntun ní pàtàkì. Nínú wákàtí tí ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, irin rẹ̀ ń ha ara wọn kí wọ́n tó bá ara wọn mu, ìyẹ̀fun irin a sì máa bọ́ sínú ọ́ìlì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi ń pàṣẹ pé kí a tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ní bí wákàtí 50. Ẹ tẹ̀lé ìwé tiyín. Ẹ má sì ṣe ra ẹ̀rọ tí ó tóbi ju iṣẹ́ tí ẹ ní lọ. Ìjọ mìíràn a ra èyí tí ó lè tan iná sí òpópónà kan gbogbo, kí wọ́n lè sọ pé àwọn ni ó ní i, wọn a sì fi tan gílóòbù mẹ́wàá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan. Bí ẹrù tí ẹ̀rọ ń gbé kò bá tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀, kì í gbóná tó láti jó epo tán, epo tí kò jó yóò sì máa di ọ̀dà dúdú nínú páìpù èéfín. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí iná ìjọba tilẹ̀ wà, ẹ ṣí i fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹrù tí ó tó fún un, kí ooru lè lé ọ̀rinrin jáde lára rẹ̀.

BÍ OMI BÁ DÉ

Bí omi bá wọ inú ẹ̀rọ yín láìka gbogbo èyí sí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí i, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ gbẹ tó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró nínú omi láti fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí omi bá ti lọ, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tú wáyà bátìrì, kí ó wo ọ́ìlì. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Yóò da ọ́ìlì náà nù, yóò tú àwọn nọ́súlù, yóò fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà kí omi lè jáde, yóò sì dán apá ibi tí ń pèsè iná wò bóyá ó ti gbẹ. Ìsìn kan láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ohun kan wà tí ó ju owó lọ. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, àwọn ènìyàn a máa gbé ẹ̀rọ kékeré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná, kí òjò má bàa pa á tàbí kí olè má bàa gbé e. Èéfín ẹ̀rọ ní afẹ́fẹ́ olóró nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó ń sùn kì í mọ̀ ìgbà tí ó ń fà á símú, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ wa ni kò sì jí mọ́ nítorí rẹ̀. Ti pẹtiróòlù ni ó burú jù, ṣùgbọ́n ti dísẹ̀lì pẹ̀lú ń pani. Kí ẹ̀rọ ṣègbé nínú òjò sàn ju kí ọmọ kan ṣègbé nínú ilé lọ.

Àwọn baba wa ní, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kò sí ogun tí a ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ tó òjò, nítorí pé lọ́dọọdún ni ó ń dé. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin alámòójútó ìjọ àti ẹ̀yin olórí ilé, kí ẹ yan ẹnì kan tí ẹ̀rọ yóò wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, kí ẹ so ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a máa kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí a da omi inú asẹ́ nù, àti iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́. Ìjọ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan tún ẹ̀rọ náà ṣe, wọ́n sì gbé e sórí pèpéle tí ó ga dé àyà. Owó tí a ná sórí àtúnṣe náà ju owó pèpéle lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ohun tí ó sì ń dùn mí títí di òní ni pé sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ nínú àgbàlá wa ní oṣù kejì ọdún náà.